Gbogbo Olórí Tí Mo Fi Sínú Gíláàsì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìlú ṣì fẹ́ràn olórí wọn, ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n. Irọ́ ni wọ́n máa pa fún yín. Kì í ṣe pé wọ́n burú o. Ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí bá dé iwájú ilé yín, tó ní ṣé ìjọba ń ṣe dáadáa, kí lẹ máa sọ? Ẹ ó ní "A dúpẹ́," ẹ ó sì wọlé yín lọ. Ògiri pálọ̀ ni kí ẹ lọ wò. Ibi tí wọ́n bá gbé fọ́tò olórí kọ́ lára ògiri, ibẹ̀ náà ló wà lọ́kàn wọn.

Èmi ni Ìyá Bọ́lá oní-fírémù, ní Pákò, ní Ìgbó-Ọrà. Ìdèrè ni wọ́n bí mi sí. Láti ìgbà ọmọge mi títí eyín mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká, mo gé gíláàsì, mo fá igi, mo fi fọ́tò ìyàwó, fọ́tò òkú, ìwé ẹ̀rí àti ẹsẹ̀ Bíbélì sínú fírémù. Ṣùgbọ́n fọ́tò àwọn olórí ìjọba ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù lọ. Mi ò ní dárúkọ ọ̀kankan nínú wọn. Àwọn kan ti kú, ọmọ wọn ṣì wà láyé, ẹnu mi ò sì ní í fa ọ̀ràn bá mi lọ́jọ́ ogbó. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá bi mí pé iṣẹ́ wo ló dáa ní kíkọ́, ẹ jókòó. Mo máa sọ èyí tí mo ṣe, àti ibi tó ti fẹ́ gbé mi ṣubú.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ ò gùn. Ìyá tó bí bàbá mi kú, bàbá mi sì gbé fọ́tò wọn lọ sọ́dọ̀ oní-fírémù ní Ìgbó-Ọrà, èmi ni mo tẹ̀ lé wọn. Mo rí i tí ọkùnrin náà fa nǹkan kékeré kan kọjá lórí gíláàsì, ó dún ṣííí, ó fi òòlù kàn án nísàlẹ̀ pẹ́rẹ́, gíláàsì dá sí méjì láìfọ́. Mo ní èmi náà fẹ́ ṣe é. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Obìnrin? Gíláàsì? Ta ló fẹ́ fẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá?" Mo ní ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ mi á fẹ́ mi tàpá-tàpá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà láàárọ̀ lálẹ́. Nígbà tó sú wọn, wọ́n mú mi lọ.

Bàbá Túndé ni ọ̀gá mi. Alàgbà ìjọ ni wọ́n, wọ́n ga, wọ́n tínrín, wọn kì í pariwo. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo kórìíra wọn lọ́dún àkọ́kọ́. Dáyámọ́ǹdì, ìyẹn ohun tí a fi ń gé gíláàsì, mi ò fọwọ́ kàn án fún ọdún kan gbáko. Gíláàsì nínù ni mo ń ṣe, pẹ̀lú eérú àti bébà ìròyìn àtijọ́. Bí mo bá nù ún tán, wọ́n á gbé e sókè sójú oòrùn. Bí wọ́n bá rí àmì ìka kan ṣoṣo, wọ́n á dá a padà. "Tún un nù." Mo máa tún un nù. "Tún un nù." Nígbà mìíràn ó máa ń di ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Mo máa ń sunkún sínú eérú náà, wọ́n á ní omi ojú dáa, ó ń yọ ẹrẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìkà ni wọ́n?

Wọn ò nà mí rí. Ìyà tiwọn burú ju pàṣán lọ. Bí mo bá fọ́ gíláàsì oníbàárà, tàbí tí ọ̀dà kán sí fọ́tò, wọn kì í bá mi bẹ̀bẹ̀. Wọ́n á ní kí n gbé e lọ sílé ẹni tó ni ín, kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe. "Ẹni tó ba nǹkan jẹ́ ni yóò sọ ọ́," wọ́n á ní. "Bí èmi bá bá ọ sọ ọ́, ọwọ́ rẹ ò ní í kọ́gbọ́n." Mo ti rìn láti Pákò dé Ìsàlẹ̀ Ọba rí, tòun ti fọ́tò ọkọ opó kan tí mo da gúlù lé lójú. Opó náà bú mi, ó bú ìyá mi, ó bú Ìdèrè lápapọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Láti ọjọ́ náà, ìgò gúlù kì í sún mọ́ ojú fọ́tò lọ́wọ́ mi.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira nìyẹn. Àwọn tó ń ta fọ́tò olórí máa ń gbé e wá láti Ìbàdàn, ní dídì bí aṣọ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé olórí wá fún wa. Onígbàgbọ́, mùsùlùmí, àgbẹ̀, tíṣà, gbogbo wọn ló fẹ́ kí ọkùnrin kan tó wọ agbádá máa wò wọ́n nínú pálọ̀. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí ayé.

Kò pé ọdún mélòó kan, bàbá àgbẹ̀ kan wá láti Ayétẹ̀. Inú àpò ìdọ̀họ ni wọ́n wé fírémù wọn sí, àfi bí ẹni gbé ẹran ọlẹ́ran. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi fọ́tò olórí mìíràn lé e lórí. "Ẹ bá mi fi èyí bo èyí."

Ẹnu mi yá. "Bàbá, ṣé ẹ ò fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ mọ́ ni?"

Ọ̀gá mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Àmọ́ bàbá náà ò bínú. "Mo fẹ́ràn rẹ̀ mà, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọ̀gá mi ní kí n gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ lẹnu ń sọ. Ìwọ máa rí ẹ̀yìn gbogbo fírémù ìlú yìí. O máa mọ ẹni tó fẹ́ràn ta ni, àti ìgbà tó kórìíra rẹ̀. Ọjọ́ tó o bá sọ ọ́ fún ẹnìkan, kó ẹrù rẹ máa lọ sí Ìdèrè." Mo ní mo ti gbọ́. Mo wá bi wọ́n pé kí ló dé tí a ò kúkú yọ ti àtijọ́ dànù. Wọ́n wò mí bí ẹni wo wèrè. "Bí ẹnìkan bá fa fọ́tò tìẹ ya, ṣé inú rẹ á dùn? Èèyàn tó wà láàyè nìyẹn. A kì í fa ojú alààyè ya, a kì í jù ú sáàtàn. Àti pé, ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Bó bá padà dé ńkọ́?"

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, ní gbogbo Ìbàràpá. Tuntun á wá síwájú, ti àtijọ́ á sún sẹ́yìn, gíláàsì kan náà, fírémù kan náà. Mo ti ṣí fírémù kan rí tí mo bá olórí mẹ́rin nínú rẹ̀, ikùn èyí mọ́ ẹ̀yìn tọ̀hún, àwọn tí kì í kí ara wọn nígbà tí wọ́n wà lórí oyè.

Mo gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo fẹ́ ọkọ, awakọ̀ ni, mo bí Bọ́lá, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi. Ọ̀rọ̀ owó ò sí nínú ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ. A jẹun, a rán ọmọ níwèé. Àwọn ológun ti gba ìjọba nígbà náà, fìlà ológun ti rọ́pò agbádá lára ògiri. Ogun dé, ogun parí, ọ̀gágun tó wà níbẹ̀ sì di ọ̀wọ́n lójú ìlú. Ẹ ò lè mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Àwọn ìyàwó tuntun ń gbé e lọ sílé ọkọ pẹ̀lú abọ́.

Àsìkò yẹn ni mo wá mọ àtẹ̀gùn tí olórí fi ń sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri dáadáa. Bí mo bá gbé iṣẹ́ lọ sílé oníbàárà, ojú mi kì í jókòó. Tí wọ́n bá fẹ́ràn olórí, wọ́n á kọ́ ọ sí ọ̀kánkán ẹnu ọ̀nà, kí àlejò tó wọlé kọ́kọ́ rí i. Tí iyọ̀ bá wọ́n, tí ẹgúsí àwọn àgbẹ̀ ò bá rí ọkọ̀ gbé e, wọ́n á rọra sún un sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Lẹ́yìn náà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá. Bó bá ti dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo máa ń lọ gé páálí sílẹ̀, torí kò ní í ju oṣù méjì lọ kí wọ́n tó gbé e wá fún bíbò. Nígbà kan, katakata dé ojú ọ̀nà wa, wọ́n ní wọ́n fẹ́ la títì. Àwòrán ọ̀gágun tà títí mo fi wá gíláàsì tì. Katakata bà jẹ́ nítòsí Lánlátẹ̀, ó jókòó síbẹ̀ títí koríko fi hù gba inú rẹ̀, ọ̀gágun sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sẹ́ni tó kéde rẹ̀. Ariwo ni wọ́n fi ń gbé olórí gun ògiri, jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Tí olórí bá wá kú sórí oyè, ọ̀tọ̀ ni tìyẹn. Ẹni tó ti gbé e pa mọ́ sẹ́yìn àpótí aṣọ á sáré gbé e wá, á ní kí n nu gíláàsì rẹ̀ kó máa dán. Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Irinṣẹ́ náà ń yí padà. Gúlù tí à ń sè láti ara awọ, tó máa ń rùn dé ọjà, ó di gúlù inú ìgò. Igi tí mo ń fi ọwọ́ fá, tí mo ń gé igun rẹ̀ nínú àpótí gígé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ṣe é wá láti Èkó, tòun ti ọ̀dà wúrà lára. Ó rẹwà, àmọ́ kò jìn nínú. Bébà fọ́tò náà tín-ín-rín sí i lọ́dọọdún. Mo yọ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀ torí ó yá. Ọ̀gá mi, tó ti darúgbó, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan, wọ́n fi èékánná kan fírémù Èkó náà, wọ́n ní, "Ó yá. Kí ló ń lé ọ?"

Mo fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó yẹ kí n ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan rédíò ní àwọn ológun ti lé ológun. Ọ̀gágun ọ̀wọ́n ti kúrò, òmíràn ti dé. Kí ọjọ́ ọjà tó pé, fọ́tò ti tuntun ti wọ Ìgbó-Ọrà, bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì kéré ju ti àtijọ́. Àwọn èèyàn kún ṣọ́ọ̀bù mi bí ẹni ń gba àjẹsára. Lásìkò náà gan-an ni wọ́n ń lé òṣìṣẹ́ ìjọba lọ sílé, lọ́tùn-ún lósì. Orúkọ ni wọ́n ń kà lórí rédíò, ẹni tó bá gbọ́ tiẹ̀, ó parí nìyẹn. Àwọn àgbà òṣìṣẹ́ ò lè jẹ oúnjẹ alẹ́ láìkọ́kọ́ pa rédíò.

Ọ̀gá Ilésanmí wọlé láàárín èrò náà. Kì í ṣe orúkọ wọn gan-an nìyẹn, mo yí i. Ará Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, ọ̀gá àgbà ilé ìwé kan lọ́dọ̀ wa, wọ́n ti kọ́ ọmọ Ìbàràpá títí irun wọn fi funfun. Ọdún mẹ́ta ló kù kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbé fírémù ọ́fíìsì ilé ìwé fún mi.

"Ìyá Bọ́lá, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ yọ ti àtijọ́ yìí kúrò pátápátá. Ẹ má bò ó o. Ẹ fi lé mi lọ́wọ́, èmi á mọ ibi tí mo máa tọ́jú rẹ̀ sí."

"Mo ti gbọ́, sà."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Mi ò ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ fún yín. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé èrò pọ̀. Èkejì ni pé fọ́tò tuntun kéré, bébà rẹ̀ rọ̀, fọ́tò àtijọ́ tó le lẹ́yìn rẹ̀ ló máa gbé e dúró láìjẹ́ pé mo gé páálí mìíràn. Ẹ̀kẹta, èyí tó burú jù, mo rò pé mo gbọ́n ju wọn lọ. Mo ní àlejò ni wọ́n, wọn ò mọ bí a ṣe ń ṣe é níbí, ta ni yóò ṣí i? Mo bò ó. Mi ò tilẹ̀ fi gúlù sí igun rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbé e, wọ́n bi mí pé ti àtijọ́ ńkọ́, mo ní mo ti tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ gbọ́ ẹnu mi!

Òjò àárín ọdún rọ̀. Òrùlé ọ́fíìsì náà ń jò. Ọ̀rinrin wọ inú fírémù Èkó tí kò jìn, bébà fẹ́lẹ́ náà rọ̀, ó yọ̀ sísàlẹ̀.

Ọjọ́ Ọjọ́rú kan, Ọ̀gá Ilésanmí wá, wọ́n gbé fírémù náà lé orí tábìlì mi láìkí mi. Mo wò ó. Olórí tuntun ti jókòó sísàlẹ̀, ojú méjèèjì ti àtijọ́ sì yọ lókè orí rẹ̀, bí ẹni ń yọjú wòran lórí ògiri aládùúgbò. Ká ní kì í ṣe ẹ̀rù ni, ẹ̀rín ni ǹ bá rín.

"Alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ wọlé lánàá," wọ́n ní. "Ó gbójú sókè báyìí. Ó ní, 'Ọ̀gá, èwo nínú wọn lẹ ń sìn? Ẹ gbé èyí tí wọ́n lé lọ lé orí èyí tó wà níbẹ̀?' Mo ní oní-fírémù ló ṣe é. Ó ní irọ́ ni, mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ ni. Ó ní kí n wá sí Èrúwà lọ́jọ́ Ẹtì, kí n wá fi ẹnu ara mi sọ ìdí tí òun ò fi ní í fi orúkọ mi ránṣẹ́." Wọ́n na ìka sí fírémù náà. "Ìyá Bọ́lá, kí ni mo sọ fún yín?"

"Ẹ ní kí n yọ ọ́, sà."

"Ọmọ mi mẹ́rin ló wà nílé ìwé," wọ́n ní, wọ́n jáde, wọ́n fi fírémù sílẹ̀. Wọn ò ní kí n tẹ̀ lé wọn.

Bàbá Bọ́lá, ọkọ mi, ní mi ò gbọdọ̀ lọ. "Bó o bá lọ, wọ́n á ní ìwọ lo ń kó olórí tí wọ́n lé pa mọ́. Ta ló mọ ibi tí wọ́n máa gbé ọ lọ? Bí wọn ò bá tilẹ̀ mú ọ, ta ni yóò tún gbé iṣẹ́ fún oní-fírémù tó ní òun ò ṣe ohun tí oníbàárà sọ?"

"Òótọ́ lẹ sọ," mo ní.

"Nítorí náà?"

"Nítorí náà, ẹ bá mi wá ọkọ̀ tó ń lọ ní kùtù ọjọ́ Ẹtì."

Ó bínú. Àmọ́ ó wá ọkọ̀. Mo wọ bọ́lẹ́kájà, mo di òòlù àti ìṣó mi sínú ìborùn, mo gbé fírémù náà lé itan, mo mú ẹ̀wù kan sí i lọ́wọ́ bí ó bá jẹ́ pé mi ò ní í padà. Ẹni tó ba nǹkan jẹ́ ni yóò sọ ọ́. Mo sọ ọ́ fún ara mi títí a fi dé Èrúwà.

Ọkùnrin kékeré ni alábẹ̀wò náà, ó wọ gíláàsì ojú. Akọ̀wé mẹ́ta ló wà ní ọ́fíìsì náà, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àgbà. Ọ̀gá Ilésanmí dúró, wọn ò fún wọn ní àga. Ojú wọn là nígbà tí wọ́n rí mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọwọ́ mi ni. Wọ́n ní kí n yọ ọ́, mo bò ó. Bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyẹn, a kì í yọ ti àtijọ́."

"Ta ló rán yín kí ẹ wá sọ èyí?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà."

"Kò sí oní-fírémù tó ń fi èèyàn méjì sínú gíláàsì kan. Irọ́ ni." Ó yí padà, ó nawọ́ sí fírémù tó wà lórí ògiri lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. "Ó dáa. Bó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe ń ṣe nìyẹn, ẹ ṣí èyí kí n rí i."

Mo gbójú sókè. Mo mọ fírémù náà. Ọwọ́ ọ̀gá mi ni, mo mọ igun rẹ̀, àwọn ló máa ń fá igun báyẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ wú, àwọn ìṣó ti fẹ́ẹ̀ jáde. Mo ti mọ̀ pé èèyàn kún inú rẹ̀. Mo wo akọ̀wé àgbà náà, ó ń mi orí sí mi díẹ̀díẹ̀, òógùn bò ó. Mo mọ̀ pé òun ló gbé e lọ fún bíbò, tí ọ̀gá rẹ̀ ò sì mọ̀.

"Sà, ẹ jẹ́ ká wá fírémù mìíràn."

"Ẹ̀rù bà yín? Irọ́ ti tán?"

"Bí mo bá máa ṣí i, kí gbogbo èèyàn jáde. Èmi àti ẹ̀yin nìkan."

"Kò sẹ́ni tó ń jáde!"

Mo dìde lórí eékún mi. "Ẹ má bínú, sà. Mi ò kì í ṣí ẹ̀yìn fírémù ẹnikẹ́ni lójú èrò. Bí ẹ bá ní kí wọ́n gbé mi lọ, mo ti mú ẹ̀wù kejì wá."

Ó wo ẹ̀wù tó wà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ohun tó rí. Ó ní kí wọ́n jáde. Mo ní kí Ọ̀gá Ilésanmí náà jáde. Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ tà wọ́n, àmọ́ wọ́n jáde.

Mo sọ fírémù kalẹ̀, mo fa ìṣó mẹ́rin, mo gbé páálí kúrò. Mo yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n sórí tábìlì rẹ̀. Ẹni tó wà lórí oyè. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ. Ológun mìíràn tó ṣáájú rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, agbádá, ẹni tí a kì í dárúkọ rẹ̀ lọ́fíìsì ìjọba nígbà náà. Alábẹ̀wò yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó jókòó. Orúkọ tiẹ̀ náà lè jáde lórí rédíò.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Gbogbo wa ni, sà."

Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Ẹ dá wọn padà. Ẹ kàn án dáadáa."

Mo dá wọn padà bí mo ṣe bá wọn. Mo gbé ìṣó àkọ́kọ́ lé e, mo gbé òòlù sókè, mi ò kàn án.

"Ẹ kàn án."

"Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Ilésanmí ńkọ́, sà?"

"Mo ní kí ẹ kàn án!"

"Mo ń gbọ́ yín, sà."

Mo mọ̀ pé ìyẹn sún mọ́ ìhàlẹ̀. Ká ní Bàbá Túndé wà níbẹ̀, wọn ì bá bínú sí mi. Mo ní kí wọ́n máa bínú. Ọwọ́ mi ò sọ̀ kalẹ̀. Alábẹ̀wò náà fa gègé rẹ̀, ó kọ̀wé pé àṣìṣe oní-fírémù ni, pé ẹjọ́ náà parí, ó tẹ̀ ẹ́ ní òǹtẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó kan ìṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Alábẹ̀wò náà ti kú báyìí, akọ̀wé àgbà náà ti kú, ọ̀gá mi ti kú. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín nìyẹn. Nígbà tí wọ́n wà láyé, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ mi.

Níta, Ọ̀gá Ilésanmí ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí mi. "Ìyá Bọ́lá, mo sọ ohun tí mo fẹ́ fún yín lọ́jọ́ náà. Ẹ ṣe tinú yín. Kí lẹ wá sọ fún un tí gbogbo wa fi ní láti jáde?"

Mi ò lè sọ. "Mo bẹ̀ ẹ́ ni, sà."

Wọ́n mi orí. Ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la wọ̀ padà sí Ìgbó-Ọrà.

Láti ọjọ́ náà, mo máa ń bi oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì: ṣé kí n bò ó, àbí kí n yọ ọ́? Èyí tí wọ́n bá mú ni mo ń ṣe, níṣojú wọn. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kankan láyé yìí, ẹ kọ́ ìyẹn lọ́wọ́ mi, kí ẹ má bàa san ohun tí mo san. Torí Ọ̀gá Ilésanmí ò gbé iṣẹ́ wá fún mi mọ́. Bí a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní "Ẹ káàárọ̀," ó tán. Ó dùn mí, kí n má tàn yín. Mo ti gbà wọ́n sílẹ̀, mi ò sì lè sọ bí mo ṣe gbà wọ́n.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Fírémù oníke ti wọ ọjà, wọ́n ti ṣe é tán, ẹ kàn máa ti fọ́tò bọ̀ ọ́. Wọ́n ní òṣèlú ń padà bọ̀, bébà ìpolongo ni wọ́n sì ń fi gúlù lẹ̀ mọ́ ara ògiri ìta, ọ̀kan lórí èkejì, tí òjò ń ya wọ́n. Àwọn tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi dín kù. Mi ò kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ fírémù gidi á mọ ọ̀nà Pákò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọ̀gá Ilésanmí dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ní pípé ọdún wọn. Wọ́n yọ fọ́tò kan láti inú àpò ìwé. Àwọn fúnra wọn ló wà níbẹ̀, wọ́n jókòó láàárín àwọn tíṣà àti ọmọ ilé ìwé, lọ́jọ́ tí wọ́n dágbére fún wọn.

"Ẹ bá mi fi sínú gíláàsì," wọ́n ní. "Fírémù igi. Tuntun."

Mo fún wọn ní àga. Wọ́n kọ̀, wọ́n dúró tì mí. Wọ́n wò mí bí mo ṣe gé igi, bí mo ṣe gé gíláàsì, bí mo ṣe nù ún, tí mo gbé e sókè sójú oòrùn, tí mo tún un nù. Mo tẹ́ fọ́tò náà, mo gbé páálí láti fi dé ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ dúró."

Wọ́n gba fírémù lọ́wọ́ mi. Wọ́n wo ẹ̀yìn fọ́tò náà, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Wọ́n dá a padà sí mi lọ́wọ́.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Ẹ máa kàn án, Ìyá Bọ́lá."

Mo kan ìṣó àkọ́kọ́, ó wọ́, torí omi ti kún mi lójú. Mo fà á yọ, mo tún un kàn.